Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn àti Ìkúnlẹ̀ Ìyá

Leeds, Ìlú Òyìnbó
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, 1957

Iye mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kí yín kú òjò, mo kí yín kú iṣẹ́ òfì. Ṣé orúnkún yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ẹ bá mi kí Ìyá Àsíyátù oníyọ̀ àti gbogbo àwọn obìnrin ilé.

Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ìwé ni ó ń kà láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹ bá rí i báyìí, ẹ ó rò pé èmi ni mo ń febi pa á. Irọ́ ni o. Ẹ̀kọ́ wíwọn ilẹ̀ tó wá kọ́ ni ó ń jẹ ẹ́.

Oyún náà ń lọ dáadáa. Mo ti fi iṣẹ́ ilé bisikíìtì sílẹ̀, torí ikùn mi kò jẹ́ kí n lè súnmọ́ tábìlì mọ́. Níbí, bí obìnrin bá lóyún, wọ́n á máa pè é sí kíláàsì bí ọmọ iléèwé. A ó jókòó, nọ́ọ̀sì kan á dúró níwájú wa, á máa fi ọmọ rọ́bà hàn wá. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá dá lórí bí wọ́n ṣe ń dín ìrora ìrọbí kù. Mo ní kí n ròyìn rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ bí gbogbo wa láìlọ sí kíláàsì kankan.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sọ fún wa. Ti àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń fà símú. Wọ́n á fún obìnrin ní ìbòmú rọ́bà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dì í mú; bí ìrora bá ti ń bọ̀, á fà á sínú, orí rẹ̀ á fúyẹ́ bí ẹni tó mu bùrùkùtù. Wọ́n ní kí n dán an wò. Rọ́bà náà ń rùn bí táyà lọ́rì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ìkejì ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí itan. Ó máa ń múni tòògbé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà lè bá ìyá rẹ̀ tòògbé. Ìkẹta ló ya gbogbo wa lẹ́nu. Dókítà á gún abẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí egungun ẹ̀yìn parí sí lókè ìdí. Wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín kan sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè máa fi oògùn kún oògùn bí ti ìṣáájú bá fẹ́ ṣá. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ara á kú bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú bí a bá jókòó lé e pẹ́. Ojú obìnrin náà á là, á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọmọ á máa bọ̀, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń ṣe é fún. Dókítà tó ń tọ́jú mi, obìnrin ni, ó ní òun fẹ́ ṣe é fún mi. Mo ní kò burú. Ta ni kò fẹ́ bímọ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn?

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀, ẹ fi irú díẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì dì í dáadáa. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, àwọn òyìnbó tí a jọ ń gbélé ní nǹkan kan ti kú sínú ògiri. Mo sì fẹ́ ọ̀já tí ẹ fọwọ́ ara yín hun. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ní ọmọ máa dé. Ẹ máa gbàdúrà fún mi.

Èmi ọmọ yín,
Yéjídé


Kabba
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án, 1957

Yéjídé ọmọ mi,

Okun. Mo rí ìwé rẹ gbà. Gbogbo wa wà. Òjò rọ̀, iṣu ta, orúnkún mi wà níbi tí o fi í sí. Àsíyátù gbọ́ ọ̀rọ̀ irú rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyọ̀ tó ń tà.

Mo ti ta òwú ọ̀já rẹ sórí òfì, pupa àti dúdú. Ìdí òfì náà ni mo jókòó sí tí mo ń ka ìwé rẹ. Nígbà tí mo dé ibi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, mo fi òwú sílẹ̀, n kò hun nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ bi ọ́. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́, ṣé ó lè pọn ọmọ? O mọ Josiah tó ń kọ́ wa ní Bíbélì. Láti ìgbà tí ọkùnrin kan tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọjà ti gún un nídìí nítorí ibà, ẹsẹ̀ kan ló ń wọ́ tẹ̀lé ìkejì. Ìdí lásán nìyẹn o. Ẹ̀yìn ni ọmọ ń gbé kí ó tó mọ ilẹ̀ẹ́ tẹ̀. Mo gbọ́ pé inú kẹ̀kẹ́ ni àwọn òyìnbó ń gbé ọmọ wọn sí tí wọ́n ń tì í kiri. Níhìn-ín, iṣu ni à ń dì mọ́ kẹ̀kẹ́.

Èkejì ló wúwo. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bí gbogbo yín, àwọn tó dúró àti àwọn tí kò dúró. Ìwọ lo pẹ́ jù. Mo di òpó ilé mú, n kò ké. Àwọn obìnrin ilé jókòó yí mi ká, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. O mọ agboolé wa: bí obìnrin bá bí tán, wọ́n á ní akọ ni àbí abo, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní, “Ṣé ó ké?” Wọ́n béèrè tèmi. Èsì tí wọ́n gbọ́ ni pé Débórà kò ké, bí ìyá rẹ̀ náà kò ti ké.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti wà lọ́wọ́ mi lórí rẹ. Nígbà tí o fẹ́ fi iléèwé sílẹ̀ nítorí tíṣà tó nà ọ́, baba rẹ bẹ̀ ọ́, o kọ̀. Ìkúnlẹ̀ mi ni mo fi bẹ̀ ọ́, o sì padà lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ bá ṣe orí kunkun sí gbogbo èèyàn, tí ìyá rẹ̀ bá ní, “Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́,” á dúró. Ìwọ tí o fẹ́ dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, kí lo máa fi bẹ ọmọ tìrẹ? Ìwé ìròyìn?

N kò kàwé tó ẹ̀yin, ṣùgbọ́n mo mọ èyí. Yéjídé, mo fi ìkúnlẹ̀ mi bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gún ọ ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yẹn. Fa afẹ́fẹ́ símú bí o bá fẹ́. Irú rẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ Benjamin aládùúgbò wa, tó ń lọ kàwé lọ́hùn-ún. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Ìyá rẹ,
Débórà


Leeds
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, 1957

Iye mi,

Okun o. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà tí mo ń kọ èyí, ẹ má jáyà. Ìwé yín dé kí n tó wọlé síbí. Mo kà á sókè fún ọkọ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi ìkúnlẹ̀, ìgbà náà ló gbé ìwé tirẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo sọ fún dókítà pé n kò gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn mọ́. Ó ní kí ló dé. Mo ní ìyá mi kò fẹ́. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ fún un. Mo ní obìnrin tó bá kúnlẹ̀ bímọ ti ní ohun tó lè fi bẹ ọmọ náà títí láé, ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ kọ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ohun tó kọ ni pé aboyún yìí ń ṣe ẹ̀sìn kan.

Ṣùgbọ́n mo fi nǹkan pamọ́ fún yín nínú ìwé mi àkọ́kọ́. N kò fẹ́ kó àyà yín sókè, mo wá sọ ọ̀rọ̀ náà di àwàdà, ẹ sì gbà á bí fàájì. Ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe nítorí ìrora nìkan ni dókítà ṣe fẹ́ gún mi. Ẹsẹ̀ mi wú. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ihò rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ojú mi wú, orí ń fọ́ mi. Òrùka ìgbéyàwó mi kò ṣeé bọ́ mọ́. Wọ́n fi ọṣẹ sí i, kò jáde, ni wọ́n bá fi ayùn kékeré gé e. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ju bó ti yẹ lọ. Bí ìrọbí bá mú mi, tí ìrora bá dé, á tún ru sí i, gìrì sì lè gbé mi. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yẹn ń mú ìrora kúrò, ó sì tún ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Dókítà ní afẹ́fẹ́ kò lè ṣe ìyẹn.

N kò bẹ̀rù ìrora, Iye. Ọmọ yín ni mí. Gìrì yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ ti fi ìkúnlẹ̀ yín dè mí, ọkọ mi kò lè tú u, dókítà kò lè tú u. Bí ẹ bá máa tú u, ẹ tètè tú u. Bí ẹ kò bá ní tú u, ẹ ṣáà kọ̀wé sí mi.

Yéjídé


WÁYÀ LÁTI KABBA
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1957

YEJIDE MO TI TU U. GBA ABERE NAA. IYE.


Kabba
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1957

Yéjídé,

Ìwé rẹ bá mi lọ́jà. Ibi òrùka ni mo kà á dé tí mo fi dìde. Mo ti dé ilé ìfìwéránṣẹ́ kí n tó kà á tán. Akọ̀wé ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ní èdè òyìnbó. Mo ní ọmọ mi kò tíì gbàgbé èdè rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. O mọ̀ pé ìyá mi ti kú kí n tó bí ọ, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Yéjídé. O kò mọ irú ikú tó pa á. Oyún ìkẹyìn rẹ̀ ni, mo ti dàgbà tó ẹni tó ń pọnmi nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Àwọn àgbà ní ọmọ ńlá ló wà níkùn rẹ̀. Ẹ̀gbà idẹ ọwọ́ rẹ̀ há, kò ṣeé bọ́, alágbẹ̀dẹ ló wá gé e. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣa idẹ náà nílẹ̀.

Nígbà tí ìrọbí mú un, kò ké. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn obìnrin ilé ní ẹ fi í sílẹ̀, akíkanjú ni, ó ń mú un mọ́ra. Gìrì ni. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló kú sí, òun àti ọmọ. Títí wọ́n fi sin ín, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ké. Èmi náà gbé e bẹ́ẹ̀, mo fi ń yangàn láti ọjọ́ yìí wá, mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ọ nínú ìwé mi. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bínú sí wọn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Gba abẹ́rẹ́ náà. Bí ẹ̀yìn rẹ bá bàjẹ́, kó bàjẹ́, èmi á wá pọn ọmọ fún ọ.

Ìyá rẹ


Kabba
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 1957

Yéjídé ọmọ mi,

Okun. Èyí kì í ṣe ìwé ìbáwí. Oṣù Kẹwàá ti ń lọ sópin, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀já ti tán lórí òfì, ṣùgbọ́n n kò tíì gé e. Àsíyátù ní kí n gé e, mo ní kí ó jẹ́ kí n gbúròó rẹ ná. Ó máa ń wá jókòó tì mí, kò ní sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyẹn kò rọrùn fún un.

Bí ìwọ kò bá lè kọ̀wé, kí àna mi kọ ọ́. Ohun yòówù kó jẹ́, kó kọ ọ́.

Ìyá rẹ


Leeds
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 1957

Iye mi,

Mo yè. Ọmọ yè. Obìnrin ni. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mí.

Okun o. Àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí n mú kálàmù. Ojú mi kò ríran dáadáa lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n pa fèrèsé yàrá mi dé, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kàwé, n kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ọkọ mi ti kọ̀wé sí yín o. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kó wo sítáǹbù tó lẹ̀ mọ́ ọn, inú ọkọ̀ ojú omi ni ìwé náà wà. Nígbà tó bá fi máa dé Kabba, ẹ ó ti máa kí ara yín kú ọdún Kérésì.

Ọjọ́ tó ṣáájú wáyà yín ni ìrọbí mú mi. Mo fa afẹ́fẹ́ símú, kò ràn án. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná wẹ́wẹ́ lójú mi. Dókítà dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó tún bi mí. Mo ní ìyá mi kò tíì fèsì. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ní dúró de ìwé. Iye, mo gbà á. Mo tàpá sí ìkúnlẹ̀ yín. Ẹ má bá ọkọ mi wí, kò sí níbẹ̀. Ẹnu ara mi ni mo fi ní kí ó gún un.

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, wọ́n ká orúnkún mi mọ́ ikùn. Ó ta mí níbi tí abẹ́rẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni ooru kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí ọmọdé bá tọ̀ sára. Ìrora lọ. Mo ń wo ikùn mi tó ń le tó sì ń rọ̀, bí ẹni pé ikùn ẹlòmíràn ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, nọ́ọ̀sì lọ mu tíì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa tì, n kò mọ ibi tí mò ń tì. Dókítà fi irin méjì tó dà bíi ṣíbí ńlá bá mi fà á. Igbe rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ó ti jáde.

N kò ké nígbà ìrọbí. Ìgbà tí wọ́n gbé e fún mi ni mo ké, mo sì ké gan-an. Mò ń wò ó bí ẹni tí ẹlòmíràn bá ru ẹrù dé ilé. Kí ni mo máa ní mo ṣe fún un?

Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi mú wáyà yín wá, ó kà á fún mi nínú yàrá tó ṣókùnkùn náà. Mo ti tàpá sí i kí ẹ tó tú u. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá títú náà ṣì kàn mí.

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti jí, mo ti ń rìn. Bíọ́lá ni baba rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu yín ná.

Yéjídé


Kabba
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 1957

Ìyá Bíọ́lá,

O kú ewu. O kú ewu, o kú ewu. Okun.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ka ìwé rẹ, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àsíyátù rò pé ọ̀fọ̀ ni, ó ti bú sẹ́kún kí n tó sọ fún un pé obìnrin ni. Ó sọ ẹkún náà di orin láìsinmi.

Àwọn obìnrin ilé wá. Wọ́n ní akọ ni àbí abo, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, “Ṣé ó ké?” Mo ní, “Nígbà ìrọbí? Kò ké rárá.” Irọ́ kọ́. Inú wọn dùn, wọ́n ní ọmọ Débórà ni lóòótọ́. Wọ́n pa adìyẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo sọ fún wọn pé n kò fẹ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn mọ́ nínú agboolé yìí. Mo ní bí obìnrin bá ń rọbí nílé wa, kí ó ké, kí a lè mọ ìgbà tí kò bá lè ké mọ́. Mo sọ bí ìyá mi ṣe kú fún wọn, gbogbo rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bojú wolẹ̀, torí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó jà mí níyàn.

O ní o fẹ́ mọ̀ bóyá títú náà ṣì kàn ọ́. Kí o lè wà láàyè ni mo ṣe kúnlẹ̀ bí ọ. Ọmọ tó ṣe ohun tó fi yè kò tàpá sí ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo lò ó ní ìlòkulò, kì í ṣe ìwọ. Jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ yẹn tì.

O tún ní kí lo máa ní o ṣe fún ọmọ rẹ. Mo ti rò ó títí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ìyá mọ iye ìgbà tí òun kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ mi pọ̀ ju ọmọ mi lọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí n kò rí ẹni tí mo máa fi wọ́n bẹ̀, torí àwọn tí mo kúnlẹ̀ bí kò dúró. N kò sọ wọ́n nù, wọ́n wà lọ́wọ́ mi. Mú ọ̀kan nínú wọn. Bí Bíọ́lá bá ṣe orí kunkun, sọ fún un pé ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ lo fi bẹ̀ ẹ́. Á gbọ́.

Mo ti gé ọ̀já.

Ìyá rẹ,
Débórà


Leeds
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìíní, 1958

Iye mi,

Okun o, ẹ kú ọdún. Ọ̀já dé. Ọmọ Benjamin náà dé pẹ̀lú irú. Ó ní nítorí òórùn rẹ̀, wọ́n fi ibùsùn òun nìkan sí ọ̀nà jíjìn nínú ọkọ̀.

Lánàá mo pọn Bíọ́lá lọ sọ́jà nínú òtútù. Àwọn èèyàn ń wò wá. Obìnrin kan dá mi dúró, ó ní ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ló bàjẹ́. Nígbà tí à ń bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ti fún un lọ́mú kí a tó jáde, aṣọ rẹ̀ gbẹ, n kò mọ ohun tó fẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, mo bẹ̀rẹ̀ kí ó lè sùn mọ́ mi lẹ́yìn dáadáa, mo ní, “Bíọ́lá, mo fi ìkúnlẹ̀ ìyá mi bẹ̀ ọ́.”

Bóyá ìkúnlẹ̀ ni, bóyá oorun ni. Ó dákẹ́. Mo tún ọ̀já so, mo sì rìn délé.

Ẹ̀yìn mi gbé e, Iye.

Yéjídé